Pẹ́èjì mẹ́jọ, ìwé mẹ́jọ: bí ẹ ṣe lè mú kí ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ yín jọ ara ẹ̀

Ní Ṣómólú, ní àdúgbò kan tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò ti jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ, bàbá kan tó ti ń tẹ̀wé kí wọ́n tó bí mi gba flash lọ́wọ́ mi, ó ṣí ìwé ìròyìn wa lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó yí i lọ yí i bọ̀, ó wá wò mí lójú. "Ọmọ yìí, ìwé mélòó lẹ fẹ́ tẹ̀?" Mo ní ọ̀kan ṣoṣo ni sà, ẹ̀dà 500. Bàbá ní, "Rárá o. Èyí tí mo rí níbí, mẹ́jọ ni."

Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Àmọ́ nígbà tí mo jókòó tì í tí mo fojú ẹni tí ò mọ̀ wá rí wò ó, òótọ́ ló sọ. Ní pẹ́èjì kìíní a kọ Somolu, ní pẹ́èjì kẹta Shomolu, ní pẹ́èjì kẹfà tó jẹ́ ti Yorùbá, Ṣómólú. Pẹ́èjì kejì ní kọ́lọ́ọ̀mù mẹ́ta, èyí tó kọjú sí i ní méjì, ti eré ìdárayá ní mẹ́rin torí ẹni tó tò ó ní bẹ́ẹ̀ ni ti eré ìdárayá ṣe máa ń rí, ta ló sọ fún un, mi ò mọ̀. Owó dues ẹgbẹ́ jẹ́ N5,000 níbì kan, #5,000 níbòmíì, nínú àkọlé ó wá di 5k. Owó kan náà o, nínú ìwé kan náà.

Èmi ni mò ń to pẹ́èjì nígbà yẹn fún ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní mainland níbí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, àwọn tó mọ̀ á ti mọ̀. Ohun tí mo wá rí ni pé kì í ṣe pé a ò lójú ọnà, àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ohun tó ń pa wá ni pé nǹkan tó yẹ ká pinnu lẹ́ẹ̀kan ká kúrò níbẹ̀, a tún ń pinnu ẹ̀ lákọ̀tun ní gbogbo òru tá a bá fẹ́ tẹ̀wé, oníkálukú sì ń dá ìpinnu tiẹ̀ ṣe nínú yàrá ẹ̀. Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí ẹ̀ báyìí, bá a ṣe tún tiwa ṣe nìyí.

Ẹ tẹ́ àwọn tó ti jáde sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ná

Ẹ má tíì ṣí láptọ́ọ̀pù. Ẹ wá ẹ̀dà mẹ́ta tó jáde gbẹ̀yìn, ẹ tú wọn palẹ̀, ẹ tẹ́ gbogbo pẹ́èjì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta dúró lé wọn lórí pẹ̀lú báírò pupa. Ẹ má ka ìròyìn kankan o, torí bẹ́ ẹ bá ti ń kà á ọ̀rọ̀ á gbé yín lọ, ojú yín ò ní rí ìtò mọ́. Wíwò ni kẹ́ ẹ máa wò ó, bí ẹni tó ń wo aṣọ lọ́jà.

Gbogbo ibi tí nǹkan kan ṣoṣo bá ti ní ìrísí méjì, ẹ fi báírò yí i ká. Àkọlé, ṣé lẹ́tà ńlá ni gbogbo ẹ̀ àbí lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan? Orúkọ ẹni tó kọ ìròyìn, ṣé òkè ló wà àbí ìsàlẹ̀, ṣé ẹ kọ "Láti ọwọ́" sí i àbí ẹ kàn kọ orúkọ lásán? Ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò ń kọ́? Ṣé ó ní fúlúsítọ́ọ̀pù? Nọ́ńbà pẹ́èjì, ṣé àárín ni àbí igun? Déètì, owó, aago, oyè, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ẹ kà wọ́n. Nígbà tá a ka tiwa, irú lẹ́tà mọ́kànlá la bá nínú pẹ́èjì mẹ́jọ, méjì nínú wọn sì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ bí wọ́n ṣe débẹ̀. A padà rídìí ẹ̀. Ẹni tó ń ṣe pẹ́èjì àṣà lo fọ́ńtì kan (irú lẹ́tà kan nìyẹn) tó wà lórí láptọ́ọ̀pù tiẹ̀, ó fi fáìlì ránṣẹ́ sí mi, tèmi ò ní fọ́ńtì yẹn, kọ̀ǹpútà bá fi òmíì rọ́pò ẹ̀, ó tiẹ̀ kọ̀wé kékeré kan síbẹ̀ láti kìlọ̀ fún mi, èmi kàn tẹ OK ni láì kà á torí iná fẹ́ lọ. Ẹni tó ń ṣe ìròyìn ń lo Word, ti àṣà ń lo Canva, ti eré ìdárayá ń lo CorelDRAW tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kọ́ ọ ní Múṣin, WhatsApp ni gbogbo wa sì ń fi kó o ránṣẹ́. Bá a bá ṣe irú ìyẹn tí ìwé wá jọ ara ẹ̀, iṣẹ́ ìyanu nìyẹn.

Pépà Òfin

Bá a ṣe ń pè é nìyẹn, ẹ sọ tiyín lórúkọ tó bá wù yín. Pépà A4 kan, iwájú àti ẹ̀yìn, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn ńlá ní ìwé tó nípọn fún irú ẹ̀, ti Associated Press (AP) ní Amẹ́ríkà ti ń jáde láti 1953, ó sì dáa kẹ́ ẹ ní in nítòsí fún ọ̀rọ̀ tí pépà yín ò bá dáhùn, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá gbé ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọmọ 200 level tó ní test lọ́la, kò ní ṣí i. Pépà kan tó lè lẹ̀ mọ́ ògiri, ìyẹn á kà á.

Ohun tó máa wà níbẹ̀ ni gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ fi báírò pupa yí ká, pẹ̀lú ìdáhùn kan ṣoṣo síwájú ẹ̀. Ẹ má kọ ìdí. Ẹ má kọ "ó sàn ká". Ẹ kọ "Báyìí ni."

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí oyè, torí ibẹ̀ ni ìjà pọ̀ sí. Nígbà tí ìwé ìròyìn The Guardian bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó níbí ní 1983, wọ́n pinnu pé àwọn ò ní máa pe ẹnikẹ́ni ní Chief tàbí Dókítà nínú ìròyìn, Mr ni gbogbo ọkùnrin. L'Ékòó o! Níbi tí ẹni tí wọ́n gbàgbé oyè ẹ̀ níbi òde ti lè ní kí wọ́n dá ìlù dúró kí wọ́n tún orúkọ òun pè. Ẹ lè gbà pẹ̀lú wọn ẹ lè má gbà, àmọ́ ẹni tó bá gbé ìwé náà lọ́wọ́ mọ ìwé tó wà lọ́wọ́ òun. Àwa ò láyà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ilé ẹ̀kọ́ wa, ẹ ò lè pe Prof. ní Mr kẹ́ ẹ tún máa retí pé wọ́n á tètè bu ọwọ́ lu project yín. Ohun tá a kọ ni pé: oyè àti orúkọ méjèèjì nígbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn oyè àti orúkọ bàbá fún olùkọ́, orúkọ bàbá nìkan fún akẹ́kọ̀ọ́, àti ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ìyẹn fa wàhálà díẹ̀. Ó tán.

Nọ́ńbà: AP máa ń fi ọ̀rọ̀ kọ ọ̀kan dé mẹ́sàn-án, láti 10 lọ sókè wọ́n á fi figọ̀ kọ ọ́, ìyẹn náà la mú fún àwọn pẹ́èjì Gẹ̀ẹ́sì. Fún pẹ́èjì Yorùbá, ẹ tètè ronú sí i dáadáa, torí 75 ní ọ̀rọ̀ ni márùndínlọ́gọ́rin, bẹ́ ẹ bá gbé ìyẹn sínú àkọlé tó wà nínú kọ́lọ́ọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́, ó tán, òun nìkan ló máa gba ìlà méjì. Figọ̀ ni nínú àkọlé, nígbà gbogbo.

Owó: # kì í ṣe náírà. Mo mọ̀ pé ó wà lórí kíbọ́ọ̀dù fóònù, mo mọ̀ pé gbogbo wa la ń tẹ̀ ẹ́ fún ẹni tó ń ta dátà, àmọ́ nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀, ₦ ni, bí fọ́ńtì yín bá ní in, bí ò bá ní in ẹ kọ N kẹ́ ẹ sì máa kọ N lọ. Aago: 7 a.m. ni àbí 7am àbí aago méje àárọ̀, ẹ mú ọ̀kan fún èdè kọ̀ọ̀kan. 300 level ni àbí 300L. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀, mímú méjèèjì ló burú.

Orúkọ ibi ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ kọ orúkọ ogún ibi tẹ́ ẹ máa ń dárúkọ jù, Akọka, Yábàá, Ṣómólú, Oṣòdì, Múṣin, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, Ọbáléndé, Ìdúmọ̀tà, ọ̀nà méjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn: bó ṣe máa rí ní pẹ́èjì Gẹ̀ẹ́sì, bó ṣe máa rí ní pẹ́èjì Yorùbá. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, Shomolu pẹ̀lú h. Nínú Yorùbá, Ṣómólú pẹ̀lú ìdí, ìyẹn àmì abẹ́ lẹ́tà, àti ohùn. Tán. Ti orúkọ èèyàn yàtọ̀ o, olórúkọ ló ni ín. Ẹni tó bá kọ orúkọ ẹ̀ ní Shola tàbí Sola, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀, bó bá ṣe kọ ọ́ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́, ẹ má ṣe olùkọ́ èdè fún un.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. Àwọn méjì tó ń ṣe pẹ́èjì Yorùbá, ọ̀kan ń kọ ìròyìn, èkejì ń kọ ìròhìn, kálukú ń tún ti ẹnìkejì ṣe nínú fáìlì lóru, tó fi jẹ́ pé nínú ẹ̀dà kan, méjèèjì wà nínú paragíráàfù kan náà. Èyí tó ń kọ ìròhìn ní ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́, èyí tí Henry Townsend gbé jáde l'Ábẹ́òkúta ní 1859, Iwe Irohin ni wọ́n pè é, ta wá ni àwa? Òótọ́ ni. Èkejì ní àwọn àgbà yẹn náà ló ń kọ aiye àti enia, akọtọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1974 ti sọ ìyẹn di ayé àti ènìyàn, ṣé a máa padà síbẹ̀ ni? Òótọ́ nìyẹn náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó yá ẹ́dítọ̀ wa, ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, fi báírò kọ "ìròyìn" sórí pépà, ó ní ohun tá à ń sọ lẹ́nu nìyẹn, ó bá tiẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, ìjà parí. Kì í ṣe torí pé ó borí nínú àríyànjiyàn. Ó ṣáà ti wà lórí pépà.

Ìdí àti ohùn

Bí ìwé yín ò bá ní pẹ́èjì Yorùbá, ẹ fo ibí yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Yorùbá ò lè ṣaláì wà níbẹ̀.

Lẹ́tà bíi ẹ, kọ̀ǹpútà lè kọ ọ́ ní ọ̀nà tó lé ní ẹyọ kan. Ó lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo tó ti ní àmì nídìí tẹ́lẹ̀, ó lè jẹ́ e tí wọ́n wá fi àmì sí lábẹ́ lẹ́yìn náà, ó sì lè jẹ́ e tí àmì abẹ́ ẹ̀ jẹ́ ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán dípò tóótó. Lójú, ẹ lè má mọ ìyàtọ̀. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá wá "ẹgbẹ́" nínú fáìlì, á rí àwọn kan á fo àwọn kan, bẹ́ ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ìdí àwọn kan á wà láàárín, ti àwọn kan á yà sápá kan. Ẹ tún fi kún un pé ẹ tó ní ohùn òkè, ẹ́, kò ní lẹ́tà tiẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, àfi kí wọ́n to ohùn lé ẹ lórí, iṣẹ́ fọ́ńtì sì ni láti mọ ibi tó máa gbé e sí. Fọ́ńtì tí ò bá mọ̀ ọ́n á gbé ohùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà bí fìlà tó fẹ́ já bọ́ lórí ọ̀mùtí.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe: kí gbogbo ẹni tó bá ń tẹ Yorùbá lo kíbọ́ọ̀dù kan náà, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sórí Pépà Òfin. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́ ẹ tó gba fọ́ńtì kankan wọlé, ẹ fi í tẹ gbólóhùn yìí ní lẹ́tà kékeré àti lẹ́tà ńlá, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí pépà gidi:

Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá ń jẹ ẹ̀bà ₦500 lẹ́bàá ọ̀nà.

Bí àpótí òfo kan bá yọjú, bí ohùn bá sá lórí lẹ́tà, bí ₦ bá di nǹkan míì nígbà tó jẹ́ pé ₦ lẹ mú dípò N, fọ́ńtì yẹn ò wọlé, bó ti wù kó rẹwà tó. Charis SIL, Gentium àti Noto Serif máa ń yege, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn.

Fáìlì ìyá

Nísinsìnyí ẹ lè ṣí láptọ́ọ̀pù. Ẹ ṣe fáìlì òfo kan tí gbogbo ẹ̀dà máa ti ara ẹ̀ jáde, InDesign ni o, Scribus tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ni o, CorelDRAW ni o, kò kan mi, kó ṣáà ti jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo yín ń lò.

Tiwa jẹ́ A4. Pépà A3 kan tá a tẹ̀ níwájú lẹ́yìn tá a wá ká sí méjì, pẹ́èjì mẹ́rin nìyẹn, méjì ẹ̀ ló jẹ́ mẹ́jọ, ìdí nìyẹn tí pẹ́èjì fi máa ń lọ ní mẹ́rin mẹ́rin. Bẹ́ ẹ bá ṣe mẹ́wàá, pépà ẹlẹ́yọ kan á máa já bọ́ láàárín ìwé. A4 fẹ̀ tó 210 mm. A fi 15 mm sílẹ̀ ní etí méjèèjì, ó ku 180, kọ́lọ́ọ̀mù mẹ́ta pẹ̀lú àlàfo 5 mm láàárín wọn, kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ tó bíi 56.7 mm. Mẹ́ta ni fún gbogbo pẹ́èjì, títí kan ti eré ìdárayá. Bí fọ́tò bá máa tóbi, kó gba ọ̀kan tàbí méjì tàbí mẹ́ta, kò sí ọ̀kan àbọ̀.

Ara ìròyìn, 9.5 pọ́íǹtì (ohun tí wọ́n fi ń wọn lẹ́tà nìyẹn), láti ìlà kan sí èkejì 12. Lójú pẹ́èjì Yorùbá a sọ ọ́ di 12.5 torí pé ìdí lẹ́tà ìlà òkè àti ohùn ìlà ìsàlẹ̀ máa ń kọlu ara wọn bí àwọn tó wà nínú dáńfó láàárọ̀ Monday. Ìwọ̀n àkọlé mẹ́ta péré: 36 fún ìròyìn tó ga jù ní pẹ́èjì, 24 fún èyí tó tẹ̀ lé e, 18 fún àwọn yòókù. Fọ́ńtì kan fún ara ìròyìn, ọ̀kan fún àkọlé, ẹ ò nílò ẹ̀kẹta, ẹ gbà mí gbọ́.

Gbogbo èyí, ẹ má fọwọ́ yí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi wọ́n sínú Paragraph Styles, ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń tọ́jú ìrísí lẹ́tà, ẹ sọ wọ́n lórúkọ tí gbogbo èèyàn mọ̀: Àkọlé Ńlá, Àkọlé Kékeré, Ara Ìròyìn, Abẹ́ Fọ́tò, Orúkọ Akọ̀ròyìn. Nọ́ńbà pẹ́èjì, orúkọ ìwé àti déètì ẹ gbé wọn sórí Master Page (InDesign tuntun ń pè é ní Parent Page) kó lè máa wà lójú kan ní gbogbo pẹ́èjì, kó sì jìn sí etí pépà díẹ̀, torí mo ti rí ẹ̀dà 500 tí ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé pépà ti gé nọ́ńbà pẹ́èjì sí méjì. Fáìlì ìyá yìí, ẹnì kan ló ń pa á mọ́, àwọn yòókù á ṣe kọ́pì ni. Kọ́pì náà ní irú orúkọ tó gbọ́dọ̀ jẹ́, bíi 07_p3_iroyin. Bí mo bá tún rí "final final TÒÓTỌ́ 2" mo máa sunkún.

Ibi tí gbogbo ẹ̀ ti máa ń bàjẹ́ ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀. Ìròyìn gùn ju àyè lọ, ìlà márùn-ún ló kù tí ò wọlé, aago kan òru ti lù, ẹni tó ń tò ó á wo apá ọ̀tún á wo apá òsì, á sọ 9.5 di 9. Kò wọlé. Ó sọ ọ́ di 8.7. Ó wọlé! Inú ẹ̀ dùn, ó lọ sùn. Lọ́la, pẹ́èjì yẹn á dà bí ìgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́èjì tó ń pariwo, òǹkàwé ò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, á ṣáà mọ̀ pé ìwé yìí ò gún. Ẹ gé ìròyìn, ẹ má gé lẹ́tà. Paragíráàfù ìkẹyìn nínú ọ̀pọ̀ ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ ni "àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá rọ àwọn aláṣẹ láti tètè wá nǹkan ṣe sí i", ẹ yọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa wá a. Bí ìròyìn bá sì kúrú ju àyè lọ, ẹ má na àlàfo ìlà bí ẹni na rọ́bà. Ẹ sọ fọ́tò di ńlá, tàbí kẹ́ ẹ mú gbólóhùn kan tó dùn jáde nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e sáàárín.

Fọ́tò àti íńkì, kíá kíá

Fọ́tò tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò lórí WhatsApp, ó ti dín in kù. Ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document. Bó bá máa gba gbogbo 180 mm yẹn ní 300 dpi (tóótó 300 nínú ínṣì kan), ó gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó bíi 2,100 pixel. Bó bá jẹ́ kọ́lọ́ọ̀mù kan péré, 670 tó.

Lẹ́tà dúdú gbọ́dọ̀ jẹ́ dúdú kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ tó ń tẹ àwọ̀ mẹ́rin, pléètì kọ̀ọ̀kan ló ní fún búlúù, pinki, yẹ́lò àti dúdú, bẹ́ ẹ bá gbé fáìlì wá láti Word tàbí Canva, dúdú tẹ́ ẹ rí lórí ojú kọ̀ǹpútà lè jẹ́ àdàlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí pléètì kan bá wá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, gbogbo lẹ́tà yín á ní òjìji pinki. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa rí, ojú ń ro àwọn tó ń kà á. Lẹ́tà funfun lórí yẹ́lò náà, ẹ jọ̀ọ́, rárá. PDF lẹ máa gbé lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, pẹ̀lú fọ́ńtì nínú ẹ̀, ẹ má gbé fáìlì tó ṣí sílẹ̀ fún un àyàfi bó bá béèrè.

Alẹ́ ìtẹ̀wé

Ẹnì kan ló ni Pépà Òfin. Kì í ṣe ẹ́dítọ̀ àgbà o, ẹ́dítọ̀ ní ẹjọ́ tó pọ̀ lọ́rùn lálẹ́ yẹn. Ẹ wá ẹnì kan tí ojú ẹ̀ máa ń rí nǹkan, irú ẹni tó máa ń tún spelling yín ṣe ní group tí gbogbo yín máa ń bínú sí. Òun gan-an ni. Ohun tó bá sọ lálẹ́ yẹn ni abẹ́ gé.

Òfin kejì lálẹ́ yẹn: a kì í yí Pépà Òfin padà lálẹ́ ìtẹ̀wé. Ẹni tó bá rò pé ohun kan níbẹ̀ ò dáa, kó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn pépà, a máa sọ ọ́ ní ìpàdé lẹ́yìn tí ìwé bá ti jáde. Nínú nǹkan mẹ́wàá tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, méje ni ẹni tó kọ ọ́ á ti gbàgbé nígbà tá a bá pàdé.

Kẹ́ ẹ tó fi PDF ránṣẹ́, ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ ní dúdú àti funfun ní business centre, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní títẹ̀lé ara wọn, ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́fà, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ torí nǹkan kan ṣoṣo lẹ ń wò nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ rìn látorí pẹ́èjì kìíní dé ìkẹjọ kẹ́ ẹ ka àkọlé nìkan. Ẹ padà, ẹ ka orúkọ akọ̀ròyìn nìkan. Ẹ padà, abẹ́ fọ́tò nìkan. Lẹ́yìn náà nọ́ńbà pẹ́èjì àti déètì, lẹ́yìn náà gbogbo ibi tí owó àti figọ̀ bá ti wà, lẹ́yìn náà orúkọ èèyàn àti ibi. Ẹni tó bá ní òun máa wo gbogbo ẹ̀ pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ò ní rí nǹkan kan, mo ti jẹ́ ẹni yẹn, mo wo ìwé kan láàárọ̀ títí di alẹ́, déètì oṣù tó kọjá ṣì wà ní pẹ́èjì keje nígbà tó jáde.

Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn

Ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ kì í ní òṣìṣẹ́ tó ń pẹ́. Bí ẹnì kan bá ti mọ iṣẹ́ dáadáa, ó ti fẹ́ lọ sí NYSC. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2022, láti February títí wọ October, àwọn tó mọ bá a ṣe ń to ìwé wa túká, àwọn kan rí iṣẹ́, láptọ́ọ̀pù tí fáìlì ìyá wà lórí ẹ̀ bàjẹ́, nígbà tá a padà dé a bẹ̀rẹ̀ látorí òfo. Pépà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri nìkan ló kù, ó ti ní eruku, aláǹgbá ti yàgbẹ́ sí i, ṣùgbọ́n gbogbo nọ́ńbà wà níbẹ̀: 15, 5, 56.7, 9.5, 12. Ní ọ̀sán kan la fi tún fáìlì ṣe.

Torí náà ẹ tọ́jú fáìlì ìyá síbi mẹ́ta, sínú email ìwé ìròyìn fúnra ẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnì kan, sórí Google Drive, àti sórí flash tó wà lọ́wọ́ olùkọ́ tó ń bójú tó yín. Fọ́ńtì náà pẹ̀lú, ẹ kó o mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ gba ipò lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kó to odindi ẹ̀dà kan lójú yín kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ jókòó lẹ́yìn ẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan mouse.

Nígbà tí mo tún gbé tiwa lọ sí Ṣómólú, bàbá yẹn ṣí i, ó yí i lọ yí i bọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Mo dúró. Ó yọ gíláàsì ẹ̀, ó nu ún, ó tún fi í sójú. Ó ní, "Pẹ́èjì karùn-ún, fọ́tò ìsàlẹ̀, ẹ ò fi fúlúsítọ́ọ̀pù sí i." Mo tẹ orí wò ó, lóòótọ́ ni. Mo tún un ṣe níbẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà mi, mo fún un ní PDF tuntun, ó ní kí n san bálánsì.